Kìlómítà 10 àkọ́kọ́ mi, ọ̀sẹ̀ 12 ló kù: báwo ni kí n ṣe múra sílẹ̀ nínú Ìbàdàn olókè yìí?

Tíṣà_Bódìjà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa eré sísá. Obìnrin ni mí, ọmọ ọdún 41, kílò 88 ni mo wọ̀n. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún eré ìje ojú títì, kìlómítà 10, tó máa wáyé ní ìparí oṣù kìíní. Mo lè fẹsẹ̀ rìn fún wákàtí kan gbáko kó má rẹ̀ mí, àmọ́ tí mo bá sáré fún ìṣẹ́jú méjì péré, mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n sì ní ọ̀nà náà máa gun òkè Mọ́kọ́lá.

Ṣé ọ̀sẹ̀ 12 tó? Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n máa sáré lọ́sẹ̀? Ṣé kí ara mi kọ́kọ́ fúyẹ́ ná kí n tó bẹ̀rẹ̀? Bàtà ńkọ́, ṣé tòkúnbọ̀ lè ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Kóòṣì_ÒkèÀdó:

Àǹtí Tíṣà, ẹ kú ìpinnu. Ọ̀sẹ̀ 12 tó, tí ẹ bá ń sáré lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ tí ẹ kò sì kánjú. Ẹ má dúró de ìgbà tí ara máa fúyẹ́. Kílò 88 kò ní kí ẹ má sáré, ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí ìrìn pọ̀ ju eré lọ ní oṣù àkọ́kọ́.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ṣáájú gbogbo rẹ̀: èémí máa ń tètè dáa, egungun àti iṣan kì í tètè le. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró yín á ti mọ iṣẹ́ náà, á wá máa ṣe yín bíi pé kí ẹ fò. Ṣùgbọ́n egungun ojúgun, iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ àti orúnkún, oṣù bíi mélòó kan ló ń gbà wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fẹsẹ̀ pa, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kìíní tí wọ́n ń mí hẹlẹ. Nítorí náà, tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ṣe ni kí ẹ dín eré kù, àgàgà tó bá ń wù yín láti fi kún un.

Bí mo ṣe máa tò ó rèé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni eré kúkúrú, Sátidé ni ọ̀nà jíjìn. Nígbàkígbà, ẹ kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú 5 rìn kánmọ́kánmọ́, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú 5 rìn jẹ́jẹ́ parí. Àárín rẹ̀ nìyí:

Ọ̀sẹ̀ 1 àti 2: ẹ sáré ìṣẹ́jú 1, ẹ rìn ìṣẹ́jú 2, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ.
Ọ̀sẹ̀ 3: sáré 2, rìn 2, lẹ́ẹ̀meje.
Ọ̀sẹ̀ 4: ẹ padà sí ti ọ̀sẹ̀ 2.
Ọ̀sẹ̀ 5: sáré 2, rìn 1, lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án.
Ọ̀sẹ̀ 6: sáré 3, rìn 1, lẹ́ẹ̀meje.
Ọ̀sẹ̀ 7 sí 11: sáré 4, rìn 1, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ 8, ẹ fi mọ sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.

Sátidé, bákan náà ni ẹ ó ṣe máa sáré tí ẹ ó máa rìn, àmọ́ kìlómítà ni kí ẹ kà, kì í ṣe ìṣẹ́jú: 3, 3, 4, 3, 5, 6, 7, 5, 8, 9, 6. Ọ̀sẹ̀ kejìlá ni ìdíje. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ sáré, ogún ìṣẹ́jú nígbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sinmi ní odindi ọjọ́ méjì kó tó di ọjọ́ eré. Ẹ rí i pé 10 gan-an kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ parí 9 á parí 10.

Báwo ló ṣe yẹ kí eré náà yá tó? Ẹ máa ki oríkì yín bí ẹ ti ń sáré. Tí ẹ bá ki ìlà kan délẹ̀ láìfa èémí sáàárín ọ̀rọ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì péré lẹ lè sọ kí ẹ tó mí, ẹ ti yá jù, bó ti wù kó dà bí ìrìn ìgbín lójú yín.

Ohun kan tí àwọn èèyàn ń fojú di: lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ dúró sórí àtẹ̀gùn, kí iwájú ẹsẹ̀ nìkan wà lórí rẹ̀, kí gìgísẹ̀ wà lófuurufú. Ẹ gbé ara sókè pẹ̀lú ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ wá sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta kó tó délẹ̀. Ẹ̀ẹ̀méjìlá, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sórí àga kí ẹ sì dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọ̀nà mẹ́ta. Ìṣẹ́jú 10 ni gbogbo ẹ̀. Iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀ jù.

Asáré_Jẹ́ríkọ̀:

Kóòṣì, gbogbo ẹ̀ dáa, ti ìrìn yẹn nìkan ni mi ò fara mọ́. Ẹni tó bá ń rìn lójú ìdíje á pẹ́ jù, ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé àwọn tó gbẹ̀yìn á sì bá a. Kí wọ́n máa sáré lọ ní jẹ́jẹ́ láìdúró ló sàn.

Kóòṣì_ÒkèÀdó:

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní èèyàn ń sáré kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú 7, tó sì ń rìn kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú 11. Tó bá sáré ìṣẹ́jú 4 tó rìn 1, láàárín ìṣẹ́jú 5 yẹn á ti lọ tó mítà 660. Ìyẹn já sí kìlómítà kan ní bí ìṣẹ́jú 7 ààbọ̀, á sì parí 10 ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 75. Tó bá sáré láìdúró rárá, 70 ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ìrìn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò rìn, tó wá tán lókun ní kìlómítà keje, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ délé, á pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹni tó ti ń sáré fún ọdún kan, òótọ́ lẹ sọ. Fún ọ̀sẹ̀ 12, kí wọ́n rìn.

Ti ọkọ̀ yẹn ṣe pàtàkì ṣá o. Àǹtí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣètò rẹ̀ pé ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fún àwọn olùsáré kí wọ́n tó ṣí títì padà fún ọkọ̀.

Ọmọ_Òkè_Ààrẹ:

Ti òkè ni mo bá wá. Ìbàdàn kì í ṣe Èkó. Ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ fún kìlómítà méjì nílùú yìí kò pọ̀. Ẹni tó bá ń fi òkè pamọ́ di ọjọ́ ìdíje, itan rẹ̀ ló máa sanwó.

Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ wá ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó gùn tó mítà 100. Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí ara bá ti gbóná, ẹ sáré gùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ẹ máa rìn sọ̀ kalẹ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ keje, ẹ sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Òkè Ààrẹ, níbi tí Láyípo wà, le ju ti olùbẹ̀rẹ̀ lọ, ẹ fi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń gun Mọ́kọ́lá, ẹ má wo orí òkè, ẹ wo bíi mítà 10 síwájú. Ẹ ké ìgbésẹ̀ kúrú, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìgbà tí èèyàn ń gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ má tẹ̀ láti ìbàdí. Kókósẹ̀ ni kí ara ti tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí àyà ṣí sílẹ̀ kí èémí lè ráyè wọlé. Agbára tí ẹ fi ń sáré lórí ilẹ̀ tó tẹ́ ni kí ẹ máa lò, kí ẹ jẹ́ kí eré náà fúnra rẹ̀ lọ sílẹ̀. Tí oríkì kò bá délẹ̀ mọ́, ẹ rìn. Púpọ̀ nínú àwọn tó máa sáré kọjá lára yín níbẹ̀ ni ẹ ó tún padà bá níwájú.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ba ẹsẹ̀ jẹ́ ju ìgòkè lọ. Èèyàn á fẹ́ fẹ̀yìn sẹ́yìn, á na ẹsẹ̀ síwájú, á máa fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀ gbì-gbì-gbì bíi búrẹ́èkì. Orúnkún àti iwájú itan ló ń gba gbogbo ẹ̀. Ìgbésẹ̀ kúkúrú, kó yára, kí ẹsẹ̀ máa balẹ̀ lábẹ́ ara gan-an, kí ẹ má gbọ́ ariwo rẹ̀.

Ibi tí ẹ lè ti máa sáré: inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní àárọ̀ kùtùkùtù, torí mọ́tò kì í pọ̀ níbẹ̀ nígbà yẹn. Tó bá jẹ́ pápá ìṣeré lẹ rí, bíi ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Òkè-Àdó (Liberty tẹ́lẹ̀), ipa inú lọ́hùn-ún ní pápá olómítà 400, ìyípo 25 ni kìlómítà 10. Ẹ máa yí ọwọ́ padà lẹ́yìn ìyípo mélòó kan, kí ẹsẹ̀ kan má baà máa gba gbogbo ìyà.

Tó bá jẹ́ etí títì, ọwọ́ òsì ni kí ẹ gbà, kí ẹ dojú kọ ọkọ̀ tó ń bọ̀. Mícrà lè ṣàdédé yà sétí títì nítorí èrò kan ṣoṣo, ọ̀kadà sì lè gba ọ̀nà ẹ̀yìn yín wá níbi tí kò yẹ kó gbà. Nítorí náà, kò gbọ́dọ̀ sí nǹkan orin kankan létí. Aṣọ funfun tàbí èyí tó ń tan yanran lójú iná mọ́tò ni kí ẹ wọ̀, ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ débi tí ẹ ó ti máa rí gọ́tà tí kò ní ìdérí.

Alábàtà_Ògùnpa:

Tòkúnbọ̀ lè ṣe é, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Fóòmù àárín, èyí tó wà láàárín aṣọ òkè àti rọ́bà ìsàlẹ̀, òun ni ẹ ń ra. Dídán tó ń dán lè jẹ́ pé fífọ̀ ni wọ́n fọ̀ ọ́.

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìgísẹ̀. Ó yẹ kó wọlé díẹ̀ kó sì tún padà síta. Èyí tó le gan-an kò lè gbe yín mọ́. Èyí tó ti hun jọ, tí ìhunjọ rẹ̀ kò sì lọ tí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò, ó ti parí iṣẹ́. Ẹ gbé méjèèjì sórí nǹkan tó tẹ́jú kí ẹ wò wọ́n láti ẹ̀yìn: tí ọ̀kan bá ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló ti mọ̀, á sì fẹ́ fa ti yín lọ síbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́: ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ló yẹ kó ti tẹ̀, kì í ṣe àárín méjì. Lákòótán, ẹ fi èékánná gbọn etí rọ́bà ìsàlẹ̀. Gáàmù tó ti gbẹ máa ń ṣí tí omi bá kàn án.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ wọn bàtà, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ tílẹ̀ bá ti ń ṣú. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi sáré lọ. Àyè tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò kan ni kó wà láàárín ọmọ ìka tó gùn jù àti imú bàtà. Tí kò bá sí, òkè kan ṣoṣo tí ẹ bá sọ̀ báyìí, èékánná á dúdú.

Tí gìgísẹ̀ bá ń yọ lẹ́yìn, ẹ má fún okùn pa gbogbo ẹsẹ̀. Ihò tó gbẹ̀yìn lókè, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lò, ló wà fún un. Ẹ ki okùn wọ ihò yẹn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà tó ti wá, kó ṣe òrùka kékeré. Ẹ ṣe bákan náà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ wá mú okùn ọ̀tún gba inú òrùka òsì, ti òsì gba inú òrùka ọ̀tún, ẹ fà á wálẹ̀ sí ìhà gìgísẹ̀, kí ẹ tó so ó.

Ohun yòówù kí ẹ rà, ẹ rà á kó tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàtà tuntun lọ́jọ́ ìdíje, ẹsẹ̀ á lé ròrò.

Nọ́ọ̀sì_Mọ́níyà:

Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ẹ lọ wọn ìfúnpá yín ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Tó bá wọ 180 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, ẹ má sáré rárá títí dókítà á fi bá yín mú un wálẹ̀. Bákan náà, tí àyà bá ń dùn yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń lo agbára, tàbí tí ẹnì kan nínú ẹbí bá ti kú lójijì láìtíì pé ọdún 50, dókítà ló kàn. Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ dá a ṣe láìgba ìmọ̀ràn dókítà rẹ̀. AS lè sáré, àmọ́ kí wọ́n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má fipá sáré nínú ooru tàbí pẹ̀lú òùngbẹ. Ẹni tó ní ikọ́ fée, kí inhaler rẹ̀ wà lápò, pàápàá tí eruku ọyẹ́ bá ti dé.

Tí ibà bá mú yín, ẹ má "fi eré lé e lọ". Kó lọ tán, kí ọjọ́ méjì mẹ́ta kọjá.

Ìrora ojúgun: tó bá ro káàkiri gbogbo iwájú ojúgun, tó sì ń rọlẹ̀ tí ara bá gbóná, ẹ dín eré kù sí ìdajì fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo tí ẹ lè fi ìka kan tọ́ka sí, tó ń dùn lóru tàbí tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ kan fò, ẹ dúró. Egungun lè ti máa là níbẹ̀, fọ́tò X-ray sì lè máà tètè gbé e jáde. Ẹ ní kí dókítà tàbí àwọn tó ń ṣe físíò yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má lo diclofenac tàbí ibuprofen ṣáájú eré. Òógùn ti ń fa omi kúrò lára, oògùn wọ̀nyẹn á tún wá dí kíndìnrín lọ́wọ́, wọn á sì bo ìrora tó yẹ kó kìlọ̀ fún yín. Àgbo jẹ̀dí náà, kí ẹ má mu ún ní ọjọ́ méjì sí ìdíje. Ó lè dà yín nínú rú, òmíràn sì ní ọtí nínú.

Omi: píọ̀ wọ́tà kan, ìyẹn 50cl, ní wákàtí méjì ṣáájú. Lójú ọ̀nà, ìwọ̀nba tí òùngbẹ bá béèrè. Àmujù náà ní ewu tirẹ̀: ó ń là iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, orí á máa fọ́, èébì á máa gbé èèyàn, ọpọlọ á sì dàrú.

Tí ẹ bá rí olùsáré tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tàbí tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí, ooru ti mú un. Ẹ pe àwọn elétò ìlera, ẹ gbé e síbòòji, ẹ bọ́ aṣọ tó pọ̀ lára rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ. Ẹ má da omi sẹ́nu ẹni tí ojú rẹ̀ kò dá.

Tíṣà_Bódìjà:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Gbogbo ẹ̀ ni mo ti kọ sínú ìwé. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Àmàlà ni oúnjẹ mi, ṣé mo lè jẹ ẹ́ lálẹ́ tó ṣáájú? Híjáàbù àti ṣòkòtò gígùn ni mo máa wọ̀, ṣé kò ní dí mi lọ́wọ́? Kí ni kí n sì ṣe lọ́jọ́ náà gan-an?

Kóòṣì_ÒkèÀdó:

Àmàlà kò ṣẹ̀. Gbẹ̀gìrì ni kí ẹ yọ kúrò, torí ẹ̀wà ń kó afẹ́fẹ́ sínú, kí ẹ sì dín ata kù. Àmàlà, ewédú, ẹja kan, kí ẹ jẹ ẹ́ kó tó di agogo méje alẹ́. Láàárọ̀, wákàtí méjì sí wákàtí méjì ààbọ̀ ṣáájú, ẹ jẹ búrẹ́dì bíbẹ̀ méjì pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, tàbí ife ògì kan pẹ̀lú ṣúgà. Àkàrà kọ́, torí òróró kì í tètè dà nínú. Ẹ ti máa dán oúnjẹ yìí wò ní Sátidé ọ̀sẹ̀ 9 àti 10, kí inú yín lè mọ̀ ọ́n.

Híjáàbù kò ní dí yín lọ́wọ́ tó bá jẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń tètè gbẹ, ìpele kan ṣoṣo, tí kò sì ní pínnì lọ́rùn. Aṣọ òwú máa ń fa òógùn mu, á sì wúwo. Nọ́ńbà ìdíje gbọ́dọ̀ wà lórí híjáàbù, níwájú, kí kámẹ́rà lè rí i. Pínnì mẹ́rin, igun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ti so ó lálẹ́. Tí nǹkan tó ń ka àkókò bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn nọ́ńbà, ẹ má ká a. Ẹ fi Vaseline pa abíyá, inú itan àti ibi tí okùn bùrèsíà ń gbà, kí ara má baà bó.

Ẹ dé ibẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú. Ẹ̀yìn ni kí ẹ dúró sí, kì í ṣe iwájú. Kìlómítà àkọ́kọ́ ni wàhálà: ìlù á máa dún, gbogbo èèyàn á ya, ẹsẹ̀ á fẹ́ tẹ̀ lé wọn. Ẹ rí i pé kìlómítà yẹn kò yá ju ìṣẹ́jú 8 lọ. Tí ìṣẹ́jú 4 bá pé, ẹ rìn, bí kò tilẹ̀ tíì rẹ̀ yín. Ẹ kọ́kọ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ sì nawọ́ sókè, kí ẹni ẹ̀yìn má baà kọlù yín. Níbi omi, ẹ rìn kí ẹ tó mu. Tí ẹ̀gbẹ́ bá ń gún yín, ẹ dín eré kù, ẹ fọwọ́ tẹ ojú ibẹ̀, ẹ mí síta gùn-ún-gùn-ún títí á fi rọlẹ̀. Tí ara bá le ní kìlómítà mẹ́jọ, ẹ lè pa ìrìn tì níbẹ̀, kì í ṣe ṣáájú.

Tí ẹ bá ti kọjá ìlà òpin, ẹ má jókòó. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lẹ́sẹ̀ nígbà yẹn. Ẹni tó bá dúró lójijì lè dákú. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 10, ẹ mu omi díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ nǹkan láàárín wákàtí kan: ìrẹsì àti ẹyin, tàbí mọ́ínmọ́ín. Itan á máa ro yín lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta, pàápàá tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni oògùn rẹ̀. Ẹ má sáré títí ọjọ́ karùn-ún, kó sì jẹ́ ogún ìṣẹ́jú péré, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú.